Ẹni tó pa iṣẹ́ mi rẹ́ lórí Wikipedia, ṣé ọ̀tá mi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ọmọ ọdún 24. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin nípa Ẹ̀yọ̀ ilé wa sínú ojúewé Ẹ̀yọ̀ lórí Wikipedia elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan pa á rẹ́. Mo dá a padà, ó tún pa á rẹ́, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sílẹ̀: "unsourced". Ó hàn gbangba pé kò fẹ́ràn àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo ti ṣí àkáǹtì mìíràn kí n lè máa bá a fà á. Ẹlòmíràn tún kọ̀wé sí mi pé tí mo bá san ₦90,000, òun á dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn kan wá ń sọ pé kí n máa ro ire sí ẹni tó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ṣé kí n di ọ̀dẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀. Má san kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ààbò ojúewé Wikipedia, ẹni tó bá ní òun ń tà á, gbájúẹ̀ ni. Lọ́dún 2015, Wikipedia elédè Gẹ̀ẹ́sì ti àkáǹtì 381 pa, nítorí àwọn tó ń lò wọ́n máa ń ṣọ́ ẹni tí Wikipedia ò bá gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n á wá lọ bá a pé kó mówó wá. Ibi tí inú ti ń bí èèyàn ni wọ́n ti ń bá a. Níbi tí mo ti ń kọ́ni ní Yábàá, a ti rí ẹni tó san irú owó yìí. Kò rí ojúewé, kò rí owó.

Ó wá ku ọ̀tá tí o ní o rí.

Ta ló sọ fún onítọ̀hún pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọ́? Jẹ́ kí n fi ohun tó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ hàn ọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni. Aago wà níbẹ̀, orúkọ àkáǹtì rẹ wà níbẹ̀, pupa ni, nítorí o ò tíì kọ nǹkan kan sí ojúewé tìrẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà aláwọ̀ ewé kan tó ń sọ bí ohun tí o fi kún un ṣe pọ̀ tó. Ibi tó yẹ kí o ti ṣàlàyé ohun tí o ṣe, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé òfìfo ló wà. Ìlà mìíràn wà lókè rẹ, òmíràn wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn ń yí lọ bí ọkọ̀ lórí Third Mainland. Ibo ni yóò ti rí ilé bàbá rẹ níbẹ̀?

Ìwọ náà mọ ọjọ́ Adámú Òrìṣà. Obìnrin tó di ṣùkú, ẹni tó wọ bàtà, ẹni tó ń fa sìgá, ọ̀pámbàtà ni Ẹ̀yọ̀ máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣé Ẹ̀yọ̀ mọ ìyá obìnrin náà ni? Ṣé ó mọ̀ pé Kánò ló ti wọ̀lú láàárọ̀ yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún un? Irun ló rí. Ẹni tí o ń pè ní ọ̀tá yìí, ṣùkú lòun náà rí: ìpínrọ̀ mẹ́rin tí kò sọ ìwé tó ti wá. Ohun tí "unsourced" túmọ̀ sí nìyẹn, kò sọ pé irọ́ lo pa.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe àlàyé. Ìlànà wọn fúnra wọn ní kí àwọn àgbà ibẹ̀ má ṣe gé ẹni tuntun jẹ, ó sì yẹ kó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí kọ̀ndọ́ ní Ojúẹlẹ́gba bá pariwo pé "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", ṣé ìwọ ló ń bú?

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ nípa ọjà kan ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n sì pa á rẹ́ kí n tó mu omi tán. Mo jókòó, mo kọ ìwé èébú gígùn sí ọkùnrin náà, mo pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìlà méjì ló fi dá mi lóhùn: ó fi ibi tí mo ti da ìpínrọ̀ kan kọ nínú ìwé ìròyìn hàn mí, kọ́mà kan ò yí padà. Mo wá ń wá ibi tí mo máa fi ojú sí. Èébú yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní o, nítorí ohun tí a bá kọ síbẹ̀ sábà máa ń wà nínú ìtàn ojúewé.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí o ro ire sí i, kì í ṣe pé kí o gbà pé ó tọ̀nà, kì í sì í ṣe pé kí o fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè ni kí o fi ṣáájú ẹ̀sùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà Wikipedia lórí ríro ire síni fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí ẹ̀rí bá ti hàn kedere pé ibi ló ń ṣe, kò di dandan ká ṣì máa ro ire sí i. Ẹni tó ń béèrè ₦90,000 lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀rí tiẹ̀ ti hàn. Ẹni tó kọ "unsourced", ẹ̀rí wo lo ní?

Bí o bá ní kí n sọ ibi tí ẹ̀dùn ọkàn rẹ ti tọ́, òun ni pé ọ̀pọ̀ ìtàn ilé wa ló wà lẹ́nu àgbà, kò sí nínú ìwé, Wikipedia sì ń fẹ́ ohun tí a ti tẹ̀ jáde. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ìlànà nìyẹn, kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló ṣe é. Lọ sí National Library ní Yábàá, lọ wo ìwé ìròyìn àtijọ́. Béèrè ní ibi ìkàwé UNILAG ní Akọkà náà, wọ́n lè gbà ọ́ láàyè.

Àkáǹtì kejì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá ń fi àkáǹtì méjì ṣe bí ẹni méjì nínú ìjà kan náà, wọ́n máa ń tì í síta. Bákan náà ni ẹni tó bá dá iṣẹ́ ẹlòmíràn nù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lórí ojúewé kan láàárín wákàtí 24, kò tilẹ̀ di dandan kó tó bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí ojúewé náà, èmi kì í sì í ṣe alábòójútó níbẹ̀, nítorí náà mi ò lè ṣèlérí ohun tí wọ́n máa ṣe. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí o dáwọ́ dúró lónìí.

Lọ sí ibi ìjíròrò ojúewé Ẹ̀yọ̀, kí o kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ níwọ̀n báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin yẹn, ilé wa ni mo sì ń kọ nípa rẹ̀. Mo ṣí àkáǹtì kejì, mi ò ní lò ó mọ́. Irú ìwé wo lẹ máa gbà?" Má fi ìlà kan kún un. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò fèsì, gbé e lọ sí Teahouse, ibẹ̀ ni àwọn ẹni tuntun ti ń béèrè nǹkan. Ti oní-₦90,000 yẹn, má dá a lóhùn rárá. Ya àwòrán ohun tó kọ sí ọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.