Aago GPS àbí kinní orí hándù? Ìdáhùn fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tówó ọwọ́ ẹ̀ mọ níwọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù 6 báyìí tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, mo máa ń lọ tó 40 kìlómítà lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù ni mo fi ń ka ìrìn mi ṣùgbọ́n bátìrì ẹ̀ kì í bá mi délé, mi ò sì lè máa yọ ọ́ lápò wò lórí eré. Mo fẹ́ ra aago GPS, owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ra aago rárá, pé kinní kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ hándù ló dáa, òmíràn ní kí n kàn ra èyí tówó ẹ̀ bá kéré jù torí sátẹ́láìtì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Mo tún fẹ́ kó lè bá mi wá kẹ̀kẹ́ mi rí tí wọ́n bá jí i gbé. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun o, ẹ sì kú ìgbìyànjú, oṣù 6 láì fi í sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ibi tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí mo tún ń bá àwọn èèyàn so irú nǹkan báyìí mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kẹ́nì kan má gbé aago tuntun wá pé ẹ bá mi wò ó, kò ka nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà aago yẹn ò bàjẹ́ o, ohun tí wọ́n rà ni kì í ṣe ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń rà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kejì bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé sátẹ́láìtì kan náà ni wọ́n ń lò. GPS tá à ń pè yìí, ti Amẹ́ríkà ni, sátẹ́láìtì tó ju 24 lọ ni, wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè, Rọ́ṣíà ní tiwọn tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Ohùn kan náà ni gbogbo aago ń gbọ́, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ló yàtọ̀. Aago gbọ́dọ̀ gbọ́ sátẹ́láìtì 4, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan náà kó tó mọ ibi tẹ́ ẹ wà àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Èyí tó ń gbọ́ ti Amẹ́ríkà nìkan, tí igi tàbí ilé gíga bá bo apá kan ojú ọ̀run mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, èyí tó ń gbọ́ ti ibi 2 tàbí 3 á ṣì rí òmíràn lò. Àwọn tí ò wọ́n pàápàá ń gbọ́ ju ẹyọ kan lọ báyìí, torí náà ẹ kàn wò ó lára páálí, ẹ má torí ẹ̀ san owó gọbọi.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn rèé: ṣé GPS wà nínú aago yẹn fúnra ẹ̀, àbí ti fóònù ló ń yá lò? Tẹ́ ẹ bá rí «connected GPS» lára páálí, ẹ dúró. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aago náà ò ní GPS kankan, fóònù tó wà lápò yín ló máa ṣiṣẹ́, aago á kàn máa gbé iye tí fóònù bá kà síta. Ẹni tí fóònù ń kú mọ́ lọ́wọ́ tó wá lọ ra irú ẹ̀, ìṣòro tó ń sá fún gan-an ló fowó rà. Ó ti ṣe èmi náà rí. Aago tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n kọ GPS gàdàgbà sára páálí ẹ̀, mo fi fóònù sílé torí ó yẹ kí n bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 2 ó lé, ìgbà tí mo dé tí mo wò ó, àsìkò wà níbẹ̀, bí ọkàn mi ṣe ń lù wà níbẹ̀, ibi tó yẹ kí kìlómítà wà, àmì dáàṣì 2 ló wà níbẹ̀, máàpù ò sí rárá. Ó dùn mí débi pé mo pa páálí yẹn mọ́, òun ni mo fi ń han àwọn èèyàn títí dòní. Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ rọrùn: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye wákàtí tí bátìrì ń lò sí. Tó bá jẹ́ pé iye ọjọ́ nìkan ni wọ́n kọ, bóyá «ọjọ́ 14», tí ò sí «wákàtí báyìí tí GPS bá wà ní títàn», ẹ fura.

Ó wá kan aago àbí kinní orí hándù. Èmi wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́, mi ò sì ní fi bò. Tẹ́ ẹ bá ń sáré 30 kìlómítà láàárín wákàtí kan, mítà 8 ó lé lẹ̀ ń lọ láàárín sẹ́kọ́ọ̀ndù kan. Kẹ́ ẹ tó yí ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ tó wá nọ́ḿbà tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ tó gbójú padà sọ́nà, sẹ́kọ́ọ̀ndù 2 ti lọ, ẹ ti rin mítà 16 tójú yín ò sí níwájú, ọwọ́ kan ò sì sí lórí bíréékì dáadáa. Èyí tó wà lórí hándù, ẹ kàn máa ṣẹ́jú sílẹ̀ ni. Ojú ẹ̀ tóbi, kò ní àwọ̀ mèremère bíi tàwọn aago aláràbarà, àmọ́ oòrùn kì í pa á lójú, bátìrì ẹ̀ sì máa ń pẹ́ torí kò ní orin, kò ní ìpè, kò ní gbogbo ariwo yẹn. Lára àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe èyí tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n, iGPSPORT, Bryton, Magene àti XOSS wà níbẹ̀, Garmin náà ní Edge kékeré. Iye tẹ́ ẹ máa fi ra aago tó dáa díẹ̀, ó sábà máa ń ra kinní orí hándù tó dáa gan-an.

Nǹkan mìíràn tún ni ti bí ọkàn ṣe ń lù. Iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lábẹ́ aago ló ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá lábẹ́ awọ. Lórí kẹ̀kẹ́, ọrùn ọwọ́ tẹ̀, ẹ di hándù mú gírí, ọ̀nà ń gbọ̀n yín, nọ́ḿbà yẹn á máa fò sókè sódò. Tọ́rọ̀ ọkàn bá jẹ yín lógún, bẹ́líìtì tí wọ́n ń so máyà ló ń sòótọ́, kì í sì í wọ́n púpọ̀, ẹ tiẹ̀ lè rà á tó bá yá.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń fẹsẹ̀ sáré, tẹ́ ẹ ń lúwẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ fẹ́ kẹyọ kan ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ ra aago, kò burú. Garmin Forerunner 55 tó jáde ní 2021 ní GPS tiẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bàrómítà, mo máa dé orí ìyẹn. Coros Pace 3 tó jáde ní 2023 ní bàrómítà, ó sì ń gbọ́ sátẹ́láìtì lórí ìgbì rédíò 2, àmọ́ Bluetooth nìkan ló fi ń bá sẹ́nsọ̀ bíi bẹ́líìtì àyà yẹn sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ANT+, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí sẹ́nsọ̀ fi ń ránṣẹ́ láìlo wáyà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti ní sẹ́nsọ̀ àtijọ́ kan tó jẹ́ ANT+ nìkan, kò ní dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìgbì 2 yẹn, àárín ilé gíga àti ẹ̀bá òkè olókùúta ló ti wúlò, níbi tí ohùn sátẹ́láìtì ti ń kọ́kọ́ lu ògiri kó tó dé etí aago. Tó bá jẹ́ ọ̀nà gbalasa lẹ̀ ń gùn, ẹ fowó yẹn sápò.

Ní ti bóyá kìlómítà tó ń kà jóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bára wọn jiyàn jù. Aago ò rí ọ̀nà o, àmì ló ń tò síwájú ara wọn, á wá fi ìlà tààrà so wọ́n pọ̀. Tó bá ń fi àmì kan sílẹ̀ ní sẹ́kọ́ọ̀ndù kọ̀ọ̀kan, ìlà yẹn á bá kọ́nà lọ dáadáa. Tó bá ń dọ́gbọ́n ṣọ́ bátìrì tó ń fo sẹ́kọ́ọ̀ndù mélòó kan, gbogbo kọ́nà ló máa gé, ìrìn yín á sì kéré sí iye tẹ́ ẹ rìn. Ẹ wọ sẹ́tìǹsì, ẹ yí i sí sẹ́kọ́ọ̀ndù 1, bátìrì á tètè lọ díẹ̀ àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń gba abẹ́ igi tó ṣú, ẹ ra sẹ́nsọ̀ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, òun ń ka iye ìgbà tí táyà yí, kò bá sátẹ́láìtì kankan ṣe. Táyà tí wọ́n kọ ìwọ̀n 700x25 sí lára, nǹkan bíi mílímítà 2,105 ló ń rìn tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni wọ́n ń kọ sínú tábìlì ìwọ̀n táyà. Èmi kì í gba ti tábìlì gbọ́, mo máa ń wọ̀n ọ́n fún ẹni tó bá wá. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ máa ń gùn ún, ẹ yí i títí fáàfù á fi wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá gùn ún, ẹ jókòó lé e lóòótọ́ torí ara yín máa ń tẹ táyà wọlé díẹ̀, kẹ́nì kan dì yín mú, ẹ yí síwájú gbọnrangandan títí fáàfù á fi tún dé ìsàlẹ̀, ẹ fa ìlà kejì, ẹ fi téèpù wọn àárín wọn. Iye yẹn lẹ máa tẹ̀ sínú aago tàbí kinní orí hándù yín. Tẹ́ ẹ bá fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, kìlómítà 100 ti di 102 nìyẹn láì gùn ún.

Bàrómítà tí mo ní mo máa dé orí ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ iye mítà tẹ́ ẹ gùn, ẹ ra èyí tó ní in. Òun ń mọ̀ láti ara bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, GPS kì í mọ gíga tó bó ṣe mọ ọ̀nà. Ihò kékeré kan wà lára ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òógùn àti ẹrẹ̀ máa ń dí i, á wá máa sọ pé ilẹ̀ tẹ́jú lórí òkè. Omi lásán lẹ fi ṣàn án, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tọ abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Bátìrì: iye tí wọ́n kọ, ìgbà tó wà ní tuntun, tíná ojú ẹ̀ wà ní pípa ni. Ẹ mú ìrìn yín tó gùn jù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3, èyí tẹ́ ẹ máa rà ò gbọdọ̀ dín sí i. Fún omi, IPX7 ti tó fún òjò, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n lè rì í sínú omi mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30.

Àlòkù ńkọ́? Ó lè dáa, àmọ́ ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń gba àpúdéètì. GPS máa ń ka ọ̀sẹ̀ títí dé 1,024 ni, á wá padà sí òdo, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní April 2019, àwọn tí ò gba àpúdéètì lára wọn sọ dátì nù, wọ́n padà sẹ́yìn bí ọdún 19 ó lé. Ẹ sì rí i pé ẹni tó tà á ti yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá áàpù ẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ mú fáìlì yín jáde gẹ́gẹ́ bíi FIT tàbí GPX, irú fáìlì ìrìn tí áàpù mìíràn náà lè kà. Èyí tí ò bá gbà, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ aago lọ́la gbogbo ìrìn yín ló wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbé e sórí Strava, áàpù táwọn èèyàn ti ń fi ìrìn wọn han ara wọn, ẹ lọ bo ibi tílé yín wà nínú sẹ́tìǹsì, torí ìlà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn kan náà lójoojúmọ́, ó ń júwe ilé tí kẹ̀kẹ́ wà fólè ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o, ní January 2018 làwọn èèyàn ṣàkíyèsí pé máàpù tí Strava gbé jáde ń fi ibùdó àwọn ológun hàn.

Èyí mú wa dé orí olè. Aago tàbí kinní orí hándù ò lè bá yín wá kẹ̀kẹ́ tó sọnù, torí gbígbọ́ nìkan ni GPS mọ̀, kì í ránṣẹ́. Èyí tó lè ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní síìmù, ẹ ó sì máa san dátà fún un. AirTag, kinní kékeré tí Apple ń ṣe fún wíwá nǹkan tó sọnù, tún yàtọ̀, kò ní GPS kankan nínú, Bluetooth ló fi ń pe fóònù Apple tó bá ń kọjá lọ, tí fóònù yẹn á wá sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Níbi térò pọ̀ ó wúlò, nínú igbó kò wúlò, ó sì lè ta olè gan-an lólobó lórí fóònù ẹ̀ pé nǹkan kan ń tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá máa fi sí i, abẹ́ ìjókòó ni, ẹ má tì í bọnú irin kẹ̀kẹ́, irin á pa ohùn ẹ̀. Ká ní èmi ni, àgádágodo tó nípọn ni mo máa kọ́kọ́ rà.

Fún yín, pẹ̀lú 40 kìlómítà lọ́jọ́ Sátidé: kinní orí hándù, GPS tiẹ̀ nínú ẹ̀, bátìrì wákàtí 15 sókè, fáìlì FIT, bàrómítà tí òkè bá wà lọ́nà yín, ó parí. Alẹ́ ọjọ́ Fráídé, ẹ so ó pọ̀ mọ́ fóònù kó gba ibi tí àwọn sátẹ́láìtì máa wà sílẹ̀, torí tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, láti ọ̀run ló máa gbà á, ìyẹn sì máa ń pẹ́. Láàárọ̀, ẹ dúró níta gbangba títí á fi sọ pé òun ti rí wọn, ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́. Ẹ gun ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Lórí 40 kìlómítà, tí wọ́n bá fi ju mítà 400 yàtọ̀ síra wọn, tẹ́ ẹ sì ti wo sẹ́tìǹsì sẹ́kọ́ọ̀ndù yẹn, ẹ dá a padà kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà tó pé.