Kò sí ẹni tó lè bá yín yọ gbogbo rẹ̀ kúrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ti ń ṣe pure water. Oníbàárà kan ya fídíò ọ̀rá omi wa tí ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ó gbé e sórí Facebook, ó sì ti ń kiri WhatsApp. Ẹnì kan ní Wuse ní kí n san ₦350,000, òun á yọ ọ́ kúrò lórí Google, òun á sì fún wa ní ọmọlẹ́yìn 20,000. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, owó àwọn èèyàn sì ń wọgbó.

Google kọ́ ló ni fídíò náà. Ó kàn ń júwe ibi tó wà ni. Bí wọn ò bá tiẹ̀ júwe rẹ̀ mọ́, orí Facebook ló ṣì wà. Ohun tí Google máa ń gbà láti yọ kò sì pọ̀: nọ́ńbà àkáǹtì báńkì èèyàn, àwòrán ìhòòhò tí wọ́n gbé jáde láìgbàṣẹ, ohun tí òfin bá ní kí wọ́n yọ. Àròyé oníbàárà lórí omi kò sí níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń ní kí Google yọ nǹkan. Ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín. Ti WhatsApp le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó fi í ránṣẹ́ lè pa á rẹ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n èyí tí ẹlòmíràn bá ti fọ́wọ́ọ̀dù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọlẹ́yìn 20,000 yẹn, àkáǹtì òfìfo ni. Wọn kì í mu omi. Facebook fúnra rẹ̀ máa ń gbá wọn dànù.

Tẹ́lẹ̀, alukoro lè kọ ìwé sí àwọn oníròyìn, kó jáde lọ́tùnla. Ní báyìí, oníbàárà ti sọ tirẹ̀ kí ọ̀gá tó jí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya ojú fóònù níbi tí fídíò wà, kí ọjọ́ àti orúkọ ojú-ìwé náà hàn. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí ọ̀rá ti súnmọ́ ojú jù, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, batch number (nọ́ńbà àwọn omi tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ṣé ọ̀rá yín ni lóòótọ́? Bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹ dá títà batch yẹn dúró kíá, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ sábẹ́ fídíò gan-an, kó tó pé wákàtí kan:

“A ti rí fídíò yìí. A ti dá títà omi batch náà dúró, a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ó sọ ibi tí a bá a dé níbí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní.”

Bí aago mẹ́rin bá lù tí àyẹ̀wò kò tíì parí, ẹ jáde sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ “iṣẹ́ ọ̀tá ni”. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́ lójú-ìwé yín. Ẹni tí ẹ pa tirẹ̀ rẹ́ ti ya á pamọ́, òun náà á sì tún gbé e jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fèsì.

Fún àwọn tó ń já omi ní Zuba àti Suleja, ẹ ṣe fídíò tí kò pé ìṣẹ́jú kan, kí ọmọ Hausa tó mọ iṣẹ́ náà sọ ọ́ lédè rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀. Kí ó fẹnu dárúkọ ọjọ́ òní, torí wọ́n lè máa fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má gbé nọ́ńbà fóònù oníbàárà náà síta. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 wà, ó sì lè mú yín. Bí irọ́ bá wà nínú fídíò, ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ alukoro ni tèmi, n kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tó bá sì pe ara rẹ̀ ní alukoro, ẹ bi í ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ NIPR, àjọ àwọn alukoro Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá wà nínú omi náà lóòótọ́, ẹ kó batch yẹn padà láti ọwọ́ gbogbo ẹni tó rà á, kí ẹ sì wá ibi tí ìdọ̀tí ti wọlé. Ẹ kó omi náà padà ná, ká tó sọ̀rọ̀ fídíò tiyín.