Ariwo lẹ́yìn ọkọ̀: ẹ wo búṣì kẹ́ ẹ tó dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi

Ẹ ní ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ń dún kò-kò-kò lójú ọ̀nà tí kò dáa, ó tún ń ró gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá ń rìn sẹ́yìn tẹ́ ẹ wá tẹ búréèkì, ṣọ́ọ̀kì tuntun méjèèjì ò sì pa á. Gbì orí búréèkì yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló ń di ákísù (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) mú kó má sún síwá sẹ́yìn, búṣì inú áàmù ni. Áàmù ni apá irin tó so ákísù mọ́ ara ọkọ̀; búṣì ni rọ́bà inú ihò rẹ̀, tó wà láàárín páìpù irin méjì, ti àárín àti ti ìta.

Ká ní ó ń kùn hùùù ni, tó ń le sí i bí eré ṣe ń pọ̀, tó ń yí ohùn padà tẹ́ ẹ bá tẹ ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, béárìn táyà nìyẹn.

Ẹ há táyà iwájú níwá lẹ́yìn (háńdì búréèkì ò wúlò mọ́ tí ẹ̀yìn bá ti wà lókè), kẹ́ ẹ gbé ara ọkọ̀ lé sítáǹdì. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Ẹ ki irin gbọọrọ sáàárín áàmù àti ibi tó so mọ́, kẹ́ ẹ tì í. Rọ́bà á mì díẹ̀, kò burú. Irin tó ń kan irin, tàbí rọ́bà tó ti ya kúrò lára páìpù àárín, lẹ̀ ń wá. Ojú rọ́bà tó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lásán kì í dún.

Áàmù kan ni kẹ́ ẹ máa tú lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé ákísù díẹ̀ kí ọ̀pá rọ́bà búréèkì má bàa fà. Búṣì mìíràn ní ihò méjì nínú rọ́bà: ẹ sàmì sí ibi tí ihò náà kọjú sí kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ibẹ̀ náà ni tuntun gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ẹ má finá sun búṣì àtijọ́ jáde, páìpù búréèkì àti táǹkì epo ò jìnnà. Ẹ ki ayùn irin sínú, kẹ́ ẹ rẹ́ páìpù ìta níbì kan, kó má dé ara áàmù.

Ọ̀pá onínọ́ọ̀tì 14 mm tó le, wọ́ṣà tó nípọn àti páìpù méjì ló ń fa búṣì tuntun wọlé: ọ̀kan tó fẹ̀ ju búṣì lọ lápá kejì, ọ̀kan tó bá etí páìpù ìta rẹ̀ mu. Rọ́bà tàbí páìpù àárín kọ́ lẹ máa tì. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi pa á. Epo ẹ́ńjìnì àti girísì máa ń wú rọ́bà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba búṣì tuntun jẹ́ ni ìdè ìkẹyìn. Rọ́bà lẹ̀ mọ́ páìpù àárín, bóòtì sì há páìpù náà pa: búṣì kì í yí, lílọ́ ló ń lọ́. Tẹ́ ẹ bá dè é nígbà tí táyà ṣì ń fì lókè, kété tí ọkọ̀ bá kalẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́ kọjá ààlà, kò ní pẹ́ ya. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ rárá, ẹ wọn àárín táyà dé etí irin tó bò ó lókè. Tó bá kan dídè, ẹ fi jáàkì gbé ákísù títí ìwọ̀n yẹn á fi pé, kẹ́ ẹ wá fún bóòtì dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà kọ. Ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àtòsì pọ̀, kẹ́ ẹ sì tún bóòtì wò lẹ́yìn nǹkan bí 100 km.