Dọ́là tí wọ́n ń yọ lórí màlúù yín

Ẹ̀gbọ́n tí ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ dọ́là méjì lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà ní gbàǹjo ní Texas, wọn ò lù yín ní jìbìtì. Checkoff ni wọ́n ń pè é, owó dandan tí òfin ní kí ọlọ́sìn san lórí màlúù tó bá tà. Dọ́là kan jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, láti inú òfin ọdún 1985. Ìkejì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ọdún 2014 ni wọ́n fi kún un. Ẹ lè kọ̀wé gba ti ìpínlẹ̀ padà. Ti àpapọ̀ ti lọ nìyẹn.

Èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òsìn. Mo ta màlúù mẹ́rìnlá fún aládùúgbò mi, ó kówó fún mi, a túká. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìwé tó dé pé a jẹ gbèsè checkoff, owó ìjìyà sì ti gun orí rẹ̀. Inú bí mi gan-an kí n tó ka òfin náà: bí kò bá sí oní-gbàǹjo láàárín, ọrùn ẹni tó tà àti ẹni tó rà ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ìpolówó ẹran màlúù àti ìwádìí ni wọ́n ń ná an lé. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, ìwádìí yẹn ń so èso. Nebraska àti Florida ni àwọn onímọ̀ yunifásítì ti yẹ iṣan ara màlúù wò níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi rí i pé apá kan wà ní èjìká, ibi tí wọ́n máa ń lọ̀ tẹ́lẹ̀, tó rọ̀ dáadáa. Òun ni wọ́n ń gé tà lónìí fún sísun, tí wọ́n ń pè ní flat iron, owó gidi sì ni.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ta èjìká, ọmọ màlúù ni mò ń tà. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin péré ló ń pa bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún màlúù àbọ́sanra ilẹ̀ yìí, àwọn ló ń ta èjìká. Iye tí wọ́n bá dá lé ẹran ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ màlúù kan náà á tún san dọ́là nígbà tí ẹni tó rà á bá tà á fún àwọn tó ń bọ́ wọn sanra, á sì tún san án nígbà tí àwọn yẹn bá tà á fún apẹran. Àwọn tó ń kó ẹran wọlé láti òkèèrè náà ń san tiwọn, ìdí nìyẹn tí ìpolówó náà fi ń sọ pé “ẹran màlúù” lásán, láìdárúkọ tiwa.

Àwọn ọlọ́sìn kan gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Lọ́dún 2005, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ohùn ìjọba ni ìpolówó náà, kò sí ẹni tó lè torí pé kò fara mọ́ ọn kọ̀ láti sanwó. Ohùn ìjọba, àpò tiwa. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má dá owó náà dúró o, ẹ ò ní jàre. Kí ìjọba tó lè pè wá dìbò bóyá ká máa san án lọ, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọlọ́sìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Mo fọwọ́ sí èyí tó jáde ní 2020, a ò pọ̀ tó. Bí òmíràn bá dé, màá wá yín wá.