Kí Ló Pa 2go?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ ṣe áàpù kan tí àwa ọmọ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Yàgbà títí dé Bùnú, yóò ti máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ilé wa ní ikú tó pa 2go, áàpù ìtàkúrọ̀sọ ayé ọjọ́un, ló máa pa á. Kí ló pa 2go gan-an? Ṣé ká má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni? (Ọmọ Mopa)

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò mi. Káàdì ìpè ni mò ń tà ní Kàbà nígbà tí 2go ń jọba, ojú mi ló ṣe. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á ra káàdì ọgọ́rùn-ún náírà, wọ́n á jókòó sí ẹnu ìsọ̀ mi pẹ̀lú Nokia lọ́wọ́, wọ́n á máa fi ìràwọ̀ wọn wéra. Bí èèyàn bá ṣe pẹ́ tó lórí 2go ni ìràwọ̀ rẹ̀ ń ga: láti Novice dé Master, dé Ultimate. Ẹni tó bá dé Master, ọ̀gá ni láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, Alan Wolff àti Ashley Peter, ló dá a sílẹ̀ ní 2007. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnì, kì í sì í jẹ dátà púpọ̀. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọ́n ní nǹkan tètè máa ń sú àwọn ọ̀dọ́. N kò gbà. Fóònù ló yí padà. Nígbà tí Android di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, WhatsApp ti wà ńlẹ̀ tó ń lo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ tẹ́lẹ̀: ìyá rẹ, pásítọ̀, oníbàárà, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀. Ní 2go, orúkọ ìnagijẹ ni, ọ̀pọ̀ ẹni tí o bá pàdé ní rúùmù ìtàkúrọ̀sọ ni o kò mọ ojú wọn, àwọn gbájúẹ̀ sì ń fara pamọ́ sáàárín wọn. Bí ọ̀rẹ́ kan bá lọ, òmíràn á tẹ̀ lé e. Ta ni Master fẹ́ fi ìràwọ̀ hàn mọ́? 2go náà ṣe ti Android, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti jókòó síbòmíràn. Ní 2014, Facebook kéde pé àwọn fẹ́ ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Ilé iṣẹ́ kékeré wo ló máa bá ìyẹn du ọjà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́. Àmọ́ ẹ má ṣe áàpù ìtàkúrọ̀sọ. A ti ní. Ohun tí WhatsApp kò ṣe dáadáa ni kí ẹ wá. Lórí gúrúùpù ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìkéde ìsìnkú ń rì sábẹ́ àwòrán "ẹ káàárọ̀", kò sì sẹ́ni tó lè sọ lójú ẹsẹ̀ ẹni tó ti san owó ẹgbẹ́. Ìlú kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Láti ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí oníkálukú lè kó fọ́tò àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nígbà tó bá wù ú. Èyí ká mi lára gan-an, torí mo mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ọjọ́ pípẹ́ bá fóònù lọ.

Kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan, ẹ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú yín, ẹ ní kó ṣí ìwé owó rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì wo ibi tó ti ń nira fún un.