Ẹ kọ́kọ́ di ẹrù náà kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó máa bá yín gbé e

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bá àwọn oníṣòwò Ìbàdàn ṣe ìwé owó àti owó orí wọn, pé iṣẹ́ ti wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ ò sì mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ gba ọmọṣẹ́ ni tàbí kẹ́ ẹ bá ọ̀rẹ́ yín da iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ yìí kan náà lèmi náà ń ṣe, èmi nìkan ni mo sì dá a bẹ̀rẹ̀ kí a tó di mẹ́rin.

Òótọ́ ni pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, àmọ́ ẹrù tí wọn ò dì, èèyàn márùn-ún ò lè gbé e. Bí gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ṣì wà nínú orí yín, ẹni tẹ́ ẹ bá gbà á kàn jókòó tì yín ni, á máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìwé kíkọ ló yọ mí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tiẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí i ti súpámákẹ́ẹ̀tì kan, mo kọ ẹni tó ń fi ìwé báǹkì ránṣẹ́ sí mi síbẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀gá fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé PAYE, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, pé ti VAT, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà, ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kọkànlélógún. Mo kọ ọ́ pé VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí ọṣẹ àti ìpara, àmọ́ a kì í gbà á lórí oògùn, ìrẹsì àti ẹ̀wà, nítorí náà kí wọ́n ya ọjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó ṣírò ohunkóhun. Irú nǹkan báyìí ti mọ́ wa lára débi pé a ò rántí mọ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ló wá le jù. Ìyá oníṣòwò kan sọ fún mi lójú ọmọbìnrin tí mo gbà síṣẹ́ pé, "Ìwọ ni mo mọ̀ o, n ò mọ ọmọ yìí." Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ náà mọṣẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá lóṣooṣù. Òun ló ń ṣí ìwé, òun ló ń ṣàlàyé, èmi á dákẹ́. Bí màmá bá pè mí lórí fóònù, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ ẹ̀ ni ìwé yín wà, ó ń pè yín báyìí," lóòótọ́ á sì pè wọ́n kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa. Ìpè kíá yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tó yá, òun ni màmá ń wá. Àmọ́ títí dòní, kò sí ìwé owó orí tó ń jáde tí mi ò fojú ara mi wò.

Ní ti owó, ẹ má fi owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì lọ́dọ̀ àjọ CAC, gba èèyàn síṣẹ́. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù nìkan ni kẹ́ ẹ kà. Kó tó owó oṣù ẹni náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ohun tẹ́ ẹ̀yin fi ń jẹun, kẹ́ ẹ sì tún ní owó oṣù mẹ́ta nílẹ̀ fún un. Oníbàárà lè jẹ yín ní gbèsè fún oṣù mélòó kan (ilé-iṣẹ́ kan ṣe é fún mi rí), àmọ́ òṣìṣẹ́ ò lè fi ìlérí ra gàrí. Bí iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà ò bá lè bọ́ ẹni méjì, ẹ fi kún un ṣáájú. Àwọn kan á lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ má tìtorí àtidá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ wá alájọṣe. CAMA ọdún 2020, ìyẹn òfin tó wà fún àwọn kọ́ńpìnnì ní Nàìjíríà, ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Àmọ́ tó bá mọ ohun tẹ́ ẹ̀yin ò mọ̀, tàbí tó ní oníbàárà tiẹ̀, ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kẹ́ ẹ kọ bí ẹ ó ṣe máa pín owó sílẹ̀, àti ẹni tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan á bá lọ bẹ́ ẹ bá pínyà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gba ọmọṣẹ́, kẹ́ ẹ máa san owó oṣù ẹ̀ lásìkò.