Ẹ Bi Wá: Táńkì Ni Kò Pé, Àbí Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́ruwà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Táńkì 1,000 lítà ni wọ́n tà fún wa. Nígbà tí omi ẹ̀rọ ò wá, tí táńkì sì gbẹ, a pe mẹ́ruwà. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ló fi ń pọn ọ́n. Ó yẹ kí táńkì gba kẹ́ẹ̀gì 40, àmọ́ 36 péré ló fi kún. Ta ló rẹ́ wa jẹ? Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ọ́ sínú bíìlì omi wa pé a lo 18 m³. Kí ni ìyẹn?
Òǹkàwé yín ní Kubwa, Àbújá

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Àyè ni lítà, kì í ṣe ìwúwo. Àyè inú àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ ní 10, tó sì jìn ní 10 ni. Téèpù lásán tó o láti wọ̀n.

Bí táńkì yín bá rí roboto, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, kí ẹ wọn fífẹ̀ inú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 110 sẹ̀ǹtímítà. Ìdajì rẹ̀ ni 55. 55 lọ́nà 55 jẹ́ 3,025. Ẹ fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bí 9,500. Àpótí lítà kan ìṣáájú, 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10, jẹ́ 1,000. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà kan ga sí i, lítà mẹ́sàn-án àbọ̀ ló wọlé. Ẹ wá wọn gíga rẹ̀ láti ìdí táńkì dé páìpù tí omi ń gbà dànù bó bá kún, ẹ má wọ̀n ọ́n dé ẹnu. Bó bá jẹ́ 105, lítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 997. Táńkì yín pé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi téèpù wọn ẹ̀yìn táńkì, tí ẹ rí 112, ìṣirò yín á fò dé 1,034. Àṣìṣe yẹn ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin yòókù ńkọ́? Ẹ wo páìpù tó ń gbé omi lọ sínú ilé. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju ìdí táńkì lọ, omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ò lè jáde láé. Lítà 95 ni. Ẹ̀yin rò pé táńkì gbẹ, òun wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 36 jẹ́ lítà 900. Ẹ fi 95 kún un. Mẹ́ruwà ò rẹ́ yín jẹ. (Omi ìdí táńkì yẹn náà ni ẹrẹ̀ ń jókòó sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọ̀ ọ́.)

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n lófìfo, kí ẹ tún gbé e nígbà tó kún. Lítà omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò kan gééré, nítorí náà kílò 25 ló yẹ kó fi lé. Ẹ má lo ọgbọ́n yìí fún epo pupa o: epo fúyẹ́ ju omi, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà rẹ̀ ò ju bíi kílò 23 lọ.

Ní ti m³, kúbíìkì mítà ni wọ́n ń pè é: mítà kan ní gígùn, ọ̀kan ní fífẹ̀, ọ̀kan ní gíga. Lítà 1,000 ni. 18 m³ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 720. Lára ọ̀pọ̀ mítà omi, nọ́ńbà dúdú ni kúbíìkì mítà, pupa sì jẹ́ ohun tí kò tó ọ̀kan. Bí bíìlì bá ń ga jù, ẹ pa gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ẹ dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọ táńkì, kí ẹ wá wo pupa yẹn fún wákàtí kan. Bó bá ṣì ń yí, páìpù kan ń jò nínú ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí múdù (abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà) ìrẹsì àti múdù gààrí ò wúwo bákan náà?
Òǹkàwé ní Lugbe

ÌDÁHÙN: Àyè ni múdù náà ń wọ̀n, bíi lítà. Ìrẹsì wúwo ju gààrí lọ nínú àyè kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí múdù tiyín gbà, ẹ da omi inú ọ̀rá tó jẹ́ 50 cl sínú rẹ̀ títí yóò fi kún dé etí: gbogbo ọ̀rá méjì jẹ́ lítà kan. Ẹ wo ìdí abọ́ náà kẹ́ ẹ tó rajà, torí èyí tí wọ́n lù wọnú ò lè gba iye tó yẹ kó gbà mọ́.